Ẹni Tí Kò Hàn Nínú Fíìmù Wa

Ọjọ́bọ̀, 4 Désẹ́ńbà 1969

Moniya láti àárọ̀. Eruku. Lọ́rì àwọn èèyàn wa tí wọ́n lé ní Gánà ń kọjá lọ sí Ọ̀yọ́, sí Ògbómọ̀ṣọ́ — ẹrù gogoro, èèyàn lórí ẹrù. Ìjọba ibẹ̀ ní kí gbogbo àlejò tí kò níwèé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó ti lo ogún ọdún, tí wọ́n bímọ síbẹ̀, tí wọ́n kọ́lé síbẹ̀. Fíìmù wọn ni àwa ẹ̀ka sinimá ìjọba ń ṣe.

Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran — nínú ìwé yìí, Ọ̀gá Omijé, nítorí omijé ló ń wá káàkiri bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù — ní òun ò fẹ́ èrò púpọ̀. Ẹnì kan péré, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà, ká tẹ̀lé e délé. Kí wọ́n dì mọ́ ọn, kí wọ́n sunkún, ká palẹ̀ ẹrù wa mọ́. Wándé ló ń ya àwòrán. Kì í sọ̀rọ̀. Ojú-Kan ni mo ń pè é, kámẹ́rà ti jẹ́ kí ojú rẹ̀ òsì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń là.

Tèmi ni kí n kọ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò kà sórí fíìmù. Tèmi náà ni àpò dúdú. Aṣọ onípele méjì ni, ó ní sípù, ó ní apá méjì bí ẹ̀wù. Fíìmù kò gbọdọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ rárá, nítorí náà màá ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àpò títí dé ìgbọ̀nwọ́, màá máa fi ìka wá ohun tí ojú ò rí, màá yọ èyí tí wọ́n ti yà, màá fi òmíràn sí i. Bàbá mi, katikíìsì, ní iṣẹ́ afọ́jú ni mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ kọ́.

A ti rí ẹni tí Ọ̀gá ń wá. Láyíwọlá ni, Baba Láyí. Bí ẹni àádọ́ta ọdún, àbàjà lẹ́rẹ̀kẹ́, tẹ́ẹ́rẹ́. Abà Ọ̀dàn ni wọ́n ti bí i, lẹ́yìn Akanran. Ó lo ogún ọdún ní Kùmásí, iṣu ló ń tà. Ìyàwó rẹ̀ ọ̀hún kò bá a wá, ó ní ilé òun nìyẹn. Baba sọ ọ́ láìbínú. Ó ra búrẹ́dì mẹ́fà fún àwọn ará ilé, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀nà Akanran.

Ẹtì, 5 Désẹ́ńbà

Ẹ jọ̀ọ́, ìwé mi, ẹ gba lẹ́tà wíwọ́.

A dé Abà Ọ̀dàn ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sá, a rò pé àwa ni. Ìjà owó-orí ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀ ní agbègbè yìí, kò sẹ́ni tó ń yọ̀ mọ́ mọ́tò ìjọba. Ọ̀gá ń pariwo pé sinimá la wá ṣe o, a ò béèrè owó-orí. Kì í ṣe àwa. Obìnrin kan tó ru ẹ̀gẹ́ wo Baba Láyí bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀, ó ju igbá nù, ó figbe ta: "Láyí! Láyí tó kú!"

Àbúrò rẹ̀, Gbọ́njúbọ́lá, jáde síta pẹ̀lú àdá. Mo rò pé yóò bú u ni. Ńṣe ló ń bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Kí lẹ tún ń wá? A sin yín dáadáa. A ò jẹ yín ní nǹkan kan."

"Gbọ́njú, èmi ni."

"A mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Obìnrin kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní Àbíkẹ́ ni, ìyàwó tó fẹ́ kó tó lọ sí Gánà. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ti ilẹ̀kùn, a gbọ́ bó ṣe fi igi dábùú rẹ̀ nínú.

Baálé ní kí àwa àlejò wọlé wá wò. Yàrá kan lápá ọ̀tún, ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, ó ga díẹ̀ ju ilẹ̀ tó kù lọ. Sàréè Baba Láyí. Baba Láyí fúnra rẹ̀ dúró lóòrùn níta, ó gbé búrẹ́dì dání. Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ojú-Kan ya gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá ní eléyìí dára ju omijé lọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a létí.

Àbámẹ́ta, 6 Désẹ́ńbà

Mo ti wá lóye ọ̀rọ̀ náà. Kí n tò ó kó má bàa sọnù.

Ọdún 1949 ló lọ. Ní 1957, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ lọ́hùn-ún pé ilẹ̀ ti ya lu Láyíwọlá ará Akanran níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Láyíwọlá mìíràn ni. Baba Láyí kò wọ ihò góòlù rí láyé rẹ̀. Àmọ́ ẹgbẹ́ ṣe ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ ṣe: wọ́n gé irun àti èékánná olóògbé, wọ́n dì í sínú aṣọ funfun, wọ́n fi ránṣẹ́ sílé. Wọ́n sin ín. Àbíkẹ́ fá irun, ó ṣọ̀fọ̀. Nígbà tó yá, gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọ́n ṣú u lópó fún Gbọ́njúbọ́lá. Ọmọ mẹ́ta.

Ní 1959 ni Baba Láyí fi aṣọ rán oníṣòwò kan sí wọn. Aṣọ láti ọ̀dọ̀ òkú! Wọ́n dáná sun ún lóríta. Kò gbọ́ èsì, ó rò pé wọ́n ti gbàgbé òun, kò rán mọ́.

Nítorí náà, àkúdàáyà ni wọ́n pè é: ẹni tó kú nílé, tó lọ ń gbé láàyè níbòmíràn, tó fẹ́yàwó, tó ń tajà. Gbogbo ohun tó bá sì sọ láti gba ara rẹ̀ là ló ń dè é mọ́lẹ̀. "Kùmásí ni mo wà." Ṣé ẹ rí i? "Mo fẹ́yàwó níbẹ̀." Ẹ ò wá rí i! Ẹnì kan tilẹ̀ ní àkúdàáyà a máa pòórá bí ará ilé bá ti rí i, kí ló dé tí eléyìí ò pòórá? Bàbá arúgbó kan dáhùn pé, níbo ló fẹ́ pòórá sí? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé e kúrò níbẹ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí lẹ́yìn náà.

Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ní Akanran fún un ní ẹní láti sùn lé.

Àìkú, 7 Désẹ́ńbà

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́ Ajé, 8 Désẹ́ńbà

Baálé pèpàdé. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni Baálé, kì í jágbe. Ó ní òun ò fẹ́ lé ọmọ bíbí ilé dànù, òun ò sì fẹ́ gbé òkú wọlé ti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ó ní àwọn àgbà máa ń sọ pé àwòrán kì í mú òkú. "Ẹ yà á láàárín wa, lójú wa, ní ọ̀sán gangan. Bó bá hàn pẹ̀lú wa, èèyàn ni, kó wọ ilé bàbá rẹ̀. Bí kò bá hàn, kó má bínú, kó padà síbi tó ti wá."

Ọ̀gá Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Fíìmù tó ní ìdájọ́ nínú! Ọjọ́ Àbámẹ́ta 20 ni kí a gbé sinimá wá. Baba Láyí náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí ohun tó rọrùn tó èyí. "Ṣebí mo wà."

Wọ́n tò wọ́n síwájú ilé: Gbọ́njúbọ́lá lọ́tùn-ún, Baálé láàárín, Baba Láyí lósì. Kò sẹ́ni tó jẹ́ kí aṣọ òun kan tirẹ̀. Odindi róòlù fíìmù kan. Ojú-Kan kò dá a dúró títí tó fi tán.

Báyìí, ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo jókòó sẹ́yìn mọ́tò, ọwọ́ mi méjèèjì wà nínú àpò. Mo ti yọ róòlù náà, mo ń wá agolo tí n ó dé e mọ́. Ìyàwó Baálé, Ìyá Ọmọ́ṣọlá, bá mi níbẹ̀. Arúgbó ni, ó ti tẹ̀. Ó gbé iṣu sísun àti epo wá fún mi. "Ọmọ mi, kú iṣẹ́. Gbà, jẹun." Mo fi orí kí i. Orí lásán! Mo ní, "Ẹ ṣé, mà, ẹ bá mi gbé e sílẹ̀." Ojú ìyá yí padà. "Sílẹ̀ kẹ̀? Ṣé ajá ni mò ń fún lóúnjẹ ni? Ta ló bí eléyìí?" Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yíjú wò mí.

Mi ò ronú rárá. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ ti jáde, mo ti kúnlẹ̀, mo ti fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́. Ọmọ katikíìsì! Apá àpò náà la ẹnu sílẹ̀ sí oòrùn. Bóyá èémí mẹ́ta, bóyá mẹ́rin. Mo yára ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ padà, mo dé agolo.

Ó lè má ṣe nǹkan kan. Àpò náà nípọn. Mo jẹ iṣu náà tán, ó dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọjọ́rú, 10 Désẹ́ńbà

Mo ya Akanran, mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ ni mo wá béèrè. Irọ́ ni. Mo fẹ́ rí i ni.

Baba Láyí ń fọ ẹ̀wù rẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní èyí tí òun máa wọ̀ lọ́jọ́ sinimá ni. Mo bi í pé kí ló ń fẹ́ gan-an lọ́wọ́ wọn. Oko? Ó ní rárá. Àbíkẹ́? Ó ní ìyàwó àbúrò òun ni, ó ti tán. Kó kàn jẹ́ kí òun máa kí i láàárọ̀. Ó ní yàrá tí wọ́n bí òun sí ni òun fẹ́ sùn sí. Nígbà tí ọlọ́pàá Gánà ń ju ẹrù òun síta, yàrá yẹn ni òun ń rò, kò sí ohun mìíràn tó dúró lọ́kàn òun.

Mi ò lè sọ fún un pé yàrá yẹn ni wọ́n sin ín sí. Bóyá ó mọ̀.

Ẹtì, 12 Désẹ́ńbà

Róòlù ti lọ sí Èkó kí wọ́n fọ àwòrán inú rẹ̀ jáde. Mo fọwọ́ ara mi dì í.

Ìṣẹ́gun, 16 Désẹ́ńbà

Ẹ̀ẹ̀mejì lónìí ni mo dé ẹnu ọ̀nà Ọ̀gá láti sọ fún un. Ìgbà kìíní, ó wà lórí tẹlifóònù. Ìgbà kejì kò sí lórí nǹkan kan. Ó ní, "Títílọpẹ́, kí ni?" Mo ní mo ń wá gọ́ọ̀mù.

Bí mo bá sọ ọ́, wọn á gba àpò lọ́wọ́ mi. Obìnrin kan ṣoṣo ni mí níbẹ̀, àwọn tó ní obìnrin ò lè ṣe é kò tíì kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kó má sí nǹkan kan. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Àbámẹ́ta, 20 Désẹ́ńbà

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Rélùwéè àárọ̀ ló gbé róòlù dé láti Èkó. Ojú-Kan ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó ná." Ọ̀rọ̀ tó gùn jù lọ tí mo ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá ní ilẹ̀ ti ṣú, Baálé ń dúró, a ó wò ó níbẹ̀. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni o, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Ẹnu mi wà lára mi. Mo wo ìta.

Baálé ní ọ̀rọ̀ àkúdàáyà kì í ṣe ọ̀rọ̀ alẹ́, nítorí náà inú ilé ẹ̀kọ́ la wà lọ́sàn-án, a fi ẹní dí fèrèsé. Gbogbo abà. Baba Láyí jókòó síwájú nínú ẹ̀wù fífọ̀, àyè sì ṣófo yí i ká.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Baálé yọ lára aṣọ funfun tí a ta sógiri! Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Baálé rèé! Ẹ wo fìlà rẹ̀!" Gbọ́njúbọ́lá yọ lọ́tùn-ún, kedere, ó ń fi ọwọ́ lé eṣinṣin. Lápá òsì — funfun. Láti òkè dé ilẹ̀, bí ìkùukùu, ó ń gbọ̀n. Kò sí ojú, kò sí ẹ̀wù. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ìka ọwọ́ kan á yọ jáde nínú funfun náà, á tún wọlé. Ìka yẹn ló mú kí àwọn obìnrin figbe ta.

Baba Láyí dìde. Ó lọ síwájú aṣọ, ó fi ọwọ́ kan ibi tó yẹ kí òun wà. Wọ́n fọ́n ká, wọ́n ń já ẹní lójú fèrèsé.

Ọ̀gá ń ṣàlàyé títí tí ohùn rẹ̀ fi ha: ìmọ́lẹ̀ ló wọlé sí etí kan fíìmù, ló bà á jẹ́. Baálé ní, "Ìmọ́lẹ̀ wo ló mọ ẹni tó máa pa rẹ́ nínú ẹni mẹ́ta?" Ọ̀gá ní kí a fi èyí tí a yà ní ọjọ́ tó dé hàn wọ́n. Ó hàn níbẹ̀, ó hàn dáadáa, òun àti búrẹ́dì rẹ̀, gbogbo èèyàn ń sá. Baálé wò ó tán. Ó ní, "Níbi tó ti dá wà, ó hàn. Láàárín wa, kò hàn. Kí lẹ tún fẹ́ ká rí?"

Níta, Baba Láyí wá bá mi. "Ọmọ mi, èmi náà wò ó o. Mi ò rí ara mi." Ó ń wò mí bíi pé èmi ni yóò sọ fún òun bóyá òun wà. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Baba." Ohun tí mo rí sọ nìyẹn. Ẹ pẹ̀lẹ́!

Àìkú, 21 Désẹ́ńbà

Ojú-Kan ní, "Àpò ni." Mo ní sípù ti gbó. Ó ṣí sípù náà, ó pa á, ó ṣí i, ó pa á. Ó gbé e fún mi padà.

Ìṣẹ́gun, 23 Désẹ́ńbà

Mo wọ lọ́rì lọ sí Akanran, mo fẹsẹ̀ rìn dé Abà Ọ̀dàn. Mo kúnlẹ̀ níwájú Baálé, mo jẹ́wọ́. Àpò, ọwọ́ mi, iṣu, gbogbo rẹ̀.

Mi ò tíì sọ tán tí Ìyá Ọmọ́ṣọlá fi jáde láti inú ilé. "Haà! Èmi tí mo fún ọ lóúnjẹ ni mo wá ba sinimá yín jẹ́? Iṣu mi ló pa Láyí?" Ilé dàrú. Àwọn obìnrin abà gbèjà ìyá wọn, ta ni kò ní gbèjà rẹ̀? Ọmọ Ìbàdàn tó kàwé wá ti ẹ̀bi sọ́rùn arúgbó. Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi yín, mà, tèmi ni. Wọ́n ní ṣebí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ní nítorí iṣu ni. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, èmi ni mo ń bẹ̀bẹ̀. Mo lọ jẹ́wọ́ nítorí ẹni tí wọ́n lé, mo wá ń tọrọ àforíjì nítorí abọ́ iṣu.

Baálé gbé mi dìde. "Àánú rẹ̀ ló ṣe ọ́, ọmọ dáadáa ni ọ́. Òkú náà yẹ lẹ́ni tí a ń ṣàánú. Ṣùgbọ́n má tún purọ́ mọ́ àgbà."

Àbíkẹ́ sìn mí dé ọ̀nà. Mi ò bẹ̀ ẹ́, ó kàn ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Nígbà tí a kò gbọ́ ariwo abà mọ́, ó ní, "Mo gbà ọ́ gbọ́."

Ó ní láti ọjọ́ kìíní lòun ti mọ̀. Òun ń wò ó lójú fèrèsé bó ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó fi ọwọ́ ti orúnkún. Ọdún tí àwọn ṣègbéyàwó ni ọkọ́ bù ú lẹ́sẹ̀, láti ìgbà náà ló ti ń bọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ sọ fún wọn nígbà náà! Ẹ̀yin ni wọ́n máa gbọ́." Ó dúró. Ó ní, "Mo fá irun mi fún un. Wọ́n fi mí fún àbúrò rẹ̀, mo bímọ mẹ́ta. Bó bá kú, opó tí wọ́n ṣú ni mí. Bó bá wà láàyè, kí ni mí? Kí ni wọn yóò máa pe àwọn ọmọ mi lójú agbo? Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Jẹ́ kó kú."

Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Ó béèrè bóyá Baba Láyí ń jẹun níbi tó wà.

Lọ́rì mi kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà nígbà tí mò ń bọ̀. Baba Láyí wà níta, ó ń gbálẹ̀. Mi ò ní kí awakọ̀ dúró. Ìtìjú. Mo sọ fún ara mi pé lẹ́yìn Kérésìmesì ni n ó wá sọ fún un pé ọwọ́ mi ni, pé kò sí ohun tó ṣe é.

Ọjọ́bọ̀, 25 Désẹ́ńbà

Kérésìmesì. Ìrẹsì àti adìẹ. Mi ò jẹ ẹ́ tán.

Àbámẹ́ta, 27 Désẹ́ńbà

Ó ti lọ.

Wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì náà ní àárọ̀ Kérésìmesì ni, kí wọ́n tó lu agogo. Láti ọjọ́ sinimá, àwọn ọmọ ìjọ kò fẹ́ bá a kúnlẹ̀ lórí ẹní kan náà mọ́, wọ́n sì ń dá àdúrà lé e lórí láràárọ̀ bí ẹni ń lé nǹkan. Kò bá wọn jà. Ó máa ń ní àmín. Ó béèrè lọ́wọ́ wòlíì pé ìlú wo ló mọ̀ tí kò sí ọmọ Ìbàdàn kankan. Wòlíì ní òun ò mọ irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ó ní kò burú, òun ó máa béèrè lọ́nà.

Wòlíì ní ará Abà Ọ̀dàn kan ti gba ibẹ̀ kọjá, ó gbọ́, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní ó ti pòórá nìyẹn, ṣebí àwọn ti wí.

Mo wá a dé Moniya. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kó èrò sí lọ́rì. Ẹni tẹ́ẹ́rẹ́, alábàjà, ẹ̀wù kan ṣoṣo? Wọ́n ní irú wọn pọ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Ọjọ́rú, 31 Désẹ́ńbà

Mo sọ fún Ọ̀gá lónìí. Gbogbo rẹ̀, láti orí iṣu. Ó gbọ́ mi tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Kò gba àpò lọ́wọ́ mi. Ì bá gbà á.

Fíìmù máa jáde lóṣù tó ń bọ̀. Kò sí ìpàdé Baálé nínú rẹ̀, kò sí ilé ẹ̀kọ́. Ó ní ó máa rú èèyàn lójú. Yóò parí síbi tí Baba Láyí ti bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú búrẹ́dì, tó ń rẹ́rìn-ín sí ilé bàbá rẹ̀, kí obìnrin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ tó yọ. Wọ́n á gé e síbẹ̀. Ó ku ọ̀rọ̀ tí wọn yóò kà lé e. Ọ̀gá ní kó kúrú, kó dùn, ọdún ń parí lọ. Ó dúró lẹ́yìn àga mi.

Mo kọ ọ́: "Lẹ́yìn ogún ọdún, Baba Láyí ti délé."

Ó ní ó dára. Ó ní kí n tẹ ẹ̀dà mẹ́ta. Mo tẹ̀ ẹ́.